Má Bi Ìwé, Bi Omi Inú Dúrọ́ọ̀mù

Bí a bá da paracetamol sínú omi tútù, kí a rò ó títí ọwọ́ yóò fi ro wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò yòrò. Ìyókù yóò di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Mílílítà omi kan kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 14 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òògùn paracetamol olómi tí à ń fún ọmọdé sábà máa ń ní mílígíráàmù 120 nínú ṣíbí kékeré kan, ìyẹn mílílítà 5. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé mílígíráàmù 24 ni mílílítà kọ̀ọ̀kan ní láti gbé. Omi nìkan kò lè gbé e.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń po òògùn fi máa ń wá olùrànlọ́wọ́ fún omi: ohun olómi mìíràn tí yóò bá omi rẹ́, tí yóò jẹ́ kí paracetamol yòrò tán, tí kò sì ní pa ọmọ lára. Propylene glycol ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí glycerin. Inú àlàfo kékeré yìí, láàárín 14 àti 24, ni ikú ti ráyè wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, àti lẹ́yìn náà.

Ní November 2008, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńláńlá ní Èkó, Ìbàdàn àti Zaria ń gba àwọn ọmọ ọwọ́ tí àìsàn wọn jọra. Wọ́n ń bì, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ara wọn gbóná. Àìsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà. Ohun tó kó jìnnìjìnnì bá wọn ni pé àwọn ọmọ náà kò tọ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú, tó ń mu omi, kí ìtẹ́dìí rẹ̀ gbẹ táútáú láti àárọ̀ di alẹ́, kíndìnrín rẹ̀ ló ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ohun tí ọmọ lò, orúkọ kan ló ń yọjú léraléra: My Pikin, òògùn eyín.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá mọ ìdí tí òògùn eyín fi ń tà. Bí ara ọmọ bá gbóná, wọ́n á ní eyín ló ń hù. Bó bá ṣu gbuuru, eyín ni. Bí kò bá jẹ́ kí ará ilé sùn lóru, eyín náà ni. Àwọn dókítà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé eyín híhù kì í fa ibà tó le, pé ẹni tó bá ń di gbogbo ẹ̀bi ru eyín lè jẹ́ kí àìsàn gidi ráyè jókòó sára ọmọ. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n rọ òògùn yìí sí lẹ́nu ni kò nílò òògùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìyá kọ́ nìyẹn. Ìyá ra ohun tó ní àkọlé, ó ra á níbi tí wọ́n ti ń ta òògùn.

NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Nàìjíríà, ti ilẹ̀kùn Barewa Pharmaceuticals, ilé-iṣẹ́ tó ṣe òògùn náà ní Èkó, wọ́n sì gbé òògùn lọ fún àyẹ̀wò. Diethylene glycol ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti ra ohun tí wọ́n pè ní propylene glycol lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ, ohun tó sì wà nínú ike kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é. Nígbà tó fi máa di February 2009, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ 84 ti kú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ilé-iṣẹ́ náà àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bi. Ó sọ àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n ọdún 7, ó sì ní kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ náà ká.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, ní Jos, ọmọ 47 kú lọ́nà kan náà: paracetamol olómi, diethylene glycol tó gba ipò propylene glycol, ìtọ̀ tó dá. NAFDAC kò tíì sí nígbà náà. 1993 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde.

Kí wá ni àwọn ohun olómi wọ̀nyí, tí ọ̀kan fi lè jókòó sí àga èkejì láìsí ẹni tó fura? Ẹ jẹ́ ká wo mólíkù bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ yìí nílò: kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn. Propylene glycol jẹ́ kábọ́ọ̀nù 3, háídírójìn 8, ọ́síjìn 2. Glycerin jẹ́ kábọ́ọ̀nù 3, háídírójìn 8, ọ́síjìn 3. Ọ́síjìn kan ṣoṣo ló fi jù ú lọ. Ethylene glycol, èyí tí wọ́n ń dà sínú rádíétọ̀ mọ́tò kí omi inú rẹ̀ má baà dì nílẹ̀ olótùútù, jẹ́ kábọ́ọ̀nù 2, háídírójìn 6, ọ́síjìn 2. Bí a bá so ethylene glycol méjì pọ̀, tí a yọ omi kan kúrò níbi tí wọ́n ti so, ohun tó kù ni diethylene glycol: kábọ́ọ̀nù 4, háídírójìn 10, ọ́síjìn 3. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìka rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ohun kan lára tó jọra. Ó kéré tán, níbi méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ́síjìn kan so mọ́ háídírójìn kan, wọ́n jọ yọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìsopọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n bá omi rẹ́ ní ìwọ̀n yòówù. Òun náà ló ń jẹ́ kí wọ́n ki ju omi lọ, òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń dùn díẹ̀ lẹ́nu. Nítorí náà ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: gbogbo wọn mọ́ gaara, òórùn wọn kò ṣeé tọ́ka sí, wọ́n ń ṣàn wọ́rọ́wọ́rọ́. Ahọ́n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bákan náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ahọ́n dán an wò.

Inú ara ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé, énsáìmù tí wọ́n ń pè ní alcohol dehydrogenase, èyí tó ń bá ọtí jà nínú ara ọ̀mùtí, ló sì ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan púpọ̀ nínú wọn. Bó bá jẹ́ propylene glycol, ibi tí iṣẹ́ náà ń já sí ni lactic acid, ohun tí iṣan wa fúnra rẹ̀ ń pèsè nígbà tí a bá sáré; ara mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Bó bá jẹ́ diethylene glycol, énsáìmù kan náà ni, ẹ̀dọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n diglycolic acid ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ásíìdì yìí ń kóra jọ sínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń sẹ́ ìtọ̀ nínú kíndìnrín, ó ń pa wọ́n. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé májèlé lòun ń pò. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ohun tí ojú àti ahọ́n kò lè ṣe, nọ́ńbà lè ṣe é. Ẹ rọ propylene glycol kún ìgò lítà kan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: nǹkan bíi kílò 1.04 ni. Diethylene glycol jẹ́ 1.12. Glycerin ló wúwo jù, 1.26. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní refractometer, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Èèyàn á kán ẹ̀kán kan sójú gíláàsì rẹ̀, á pa ìdérí rẹ̀ dé, á kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, á sì fi ojú wo inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá ń wọ inú ohun olómi, bó sì ṣe ń tẹ̀ sí nínú ọ̀kan kọ́ ló ṣe ń tẹ̀ sí nínú èkejì. Propylene glycol yóò fún wa ní 1.432, diethylene glycol 1.447, glycerin 1.473. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ó máa ń ká mi lára pé ẹ̀rọ tí kò ju báyìí lọ, bí ẹnì kan bá kán ẹ̀kán kan sí i lójú kí wọ́n tó po òògùn yẹn ní 2008, ì bá ti pariwo.

Síbẹ̀ òṣùwọ̀n àti refractometer kò tó. Bí ẹnì kan bá bu omi lu glycerin, nọ́ńbà rẹ̀ yóò máa wálẹ̀ títí yóò fi bá ti diethylene glycol dọ́gba: ohun méjì, nọ́ńbà kan. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ̀nba májèlé díẹ̀ ló wà nínú ojúlówó, nọ́ńbà náà kò ní yẹ̀ tó ohun tí a lè fura sí. Ibẹ̀ ni gas chromatography ti wúlò. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa ìwọ̀n tí kò tó ẹ̀kán, wọ́n á fún un sínú ẹ̀rọ, ooru á sọ ọ́ di oru. Nínú ẹ̀rọ ni ọ̀pá kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, tí wọ́n ká jọ. Ó sábà máa ń gùn tó mítà 30 bí a bá tú u. Helium ló ń ti oru náà gba inú ọ̀pá yìí kọjá. Èyí tó bá ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá jù ló máa ń pẹ́ jù lọ́nà. Bí ohun kọ̀ọ̀kan bá ti ń dé òpin, ẹ̀rọ á ya òkè ṣóńṣó kan sójú ìwé: propylene glycol ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, diethylene glycol ní ìṣẹ́jú tirẹ̀. Bí òkè náà bá ṣe tóbi tó ni ohun náà ṣe pọ̀ tó. USP, ìwé ìlànà òògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní diethylene glycol inú glycerin tàbí propylene glycol kò gbọ́dọ̀ ju 0.10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn gíráàmù kan péré nínú kílò kan.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ lábù dunjú kì í gba ẹ̀rọ yìí gbọ́ lásán. Kó tó yẹ ohun tí wọ́n gbé wá wò, yóò kọ́kọ́ fi propylene glycol tó mọ̀ dájú pé ó mọ́ sínú ẹ̀rọ, kó lè rí i pé òkè kankan kò yọ níbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, yóò mọ̀ọ́mọ̀ kán diethylene glycol díẹ̀ sínú ojúlówó, ní ìwọ̀n 0.10 gan-an, yóò wò ó bóyá ẹ̀rọ á rí i. Ẹ̀rọ tí kò bá rí èyí tí a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí pé kò sí níbòmíràn. Yóò tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn yóò tún un ṣe, wọ́n á fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Bírò ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe pẹ́ńsù. Bí ẹnì kan bá kọ nǹkan ṣì, ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà kọjá lórí rẹ̀, kí ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà, yóò kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fọwọ́ sí i, yóò kọ déètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé àṣejù ni. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ohun funfun bò mọ́lẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà òtítọ́ tí ọ̀gá kò fẹ́ràn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Bí a bá gbé ìgò òògùn eyín olóró lọ sí lábù, tí a bi í pé “ṣé paracetamol inú rẹ̀ pé?”, ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó pé pérépéré. Bí a bá bi í nípa àwọ̀, nípa adùn, nípa bó ṣe kan sí, gbogbo rẹ̀ lè dára. Ìgò náà kò purọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ ni.

Àpẹẹrẹ tó burú jù nípa èyí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1937. Ilé-iṣẹ́ S. E. Massengill ní Bristol, ìpínlẹ̀ Tennessee, ń ta sulfanilamide, òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ní oníhóró àti oníyẹ̀fun. Àwọn tó ń bá wọn tajà gbé ìròyìn wá pé àwọn èèyàn ìhà gúúsù ń béèrè èyí tó jẹ́ olómi. Harold Watkins, ọ̀gá àgbà àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wọn, wá ohun tí òògùn náà yóò yòrò nínú rẹ̀ kiri, ó sì rí i pé ó yòrò dáadáa nínú diethylene glycol. Wọ́n fi adùn èso raspberry sí i. Wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní lábù wọn lóòótọ́! Wọ́n yẹ ìrísí rẹ̀ wò, wọ́n yẹ adùn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ òórùn rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ diethylene glycol. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé.

Òfin ìgbà náà kò ní kí ẹnikẹ́ni fi hàn pé òògùn kò léwu kó tó tà á. Ohun tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, rí dì mú kò ju pé wọ́n kọ “Elixir” sára ìgò, orúkọ tó yẹ kó túmọ̀ sí pé ọtí wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọtí níbẹ̀. Ẹ̀sùn àkọlé ni wọ́n fi gba òògùn tó ń pa èèyàn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fẹsẹ̀ rin ìlú dé ìlú, wọ́n ń wá ìgò dé ilé olóògùn, dé ọ̀dọ̀ dókítà, dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Nínú gálọ́ọ̀nù 240 tí ilé-iṣẹ́ náà pò, wọ́n rí nǹkan bíi 234 gbà padà. Èyí tó kù ti wọ ikùn. Ní 1938, òfin tuntun jáde tó ní kí olóògùn kọ́kọ́ fi hàn pé òògùn rẹ̀ kò léwu kó tó gbé e síta.

Ẹni tó bá rò pé ìgbà àtijọ́ nìyẹn, kó wo heparin ní 2008. Òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àyẹ̀wò tó gbajúmọ̀ nígbà náà ń béèrè pé: ṣé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ohun mìíràn kan, tí wọ́n ń pè ní oversulfated chondroitin sulfate, dé sínú èyí tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà ó yege. Àwọn èèyàn kú ní Amẹ́ríkà kí àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ tó ń wo ìrísí mólíkù fúnra rẹ̀ tú àṣírí náà. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọjà rẹ̀ lè pèsè ìdáhùn sílẹ̀ dè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà kì í dá rìn; ìwé kan máa ń tẹ̀ lé e tó ń sọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe mọ́ tó, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2006, ní Panama, wọ́n po òògùn ikọ́ nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú ohun tí ìwé pè ní glycerin tó mọ́ tó 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Dúrọ́ọ̀mù 46 ni. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti wá, alágbàtà kan ní Beijing tà wọ́n fún alágbàtà kan ní Barcelona, ìyẹn náà tà wọ́n sí Panama. Bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èyí bọ́ sọ́wọ́ èyí, ńṣe ni wọ́n ń yọ orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kúrò lórí ìwé, tí wọ́n ń tẹ òmíràn jáde. Nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, kò sí ẹnì kan tó ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù bu díẹ̀ wò. Olúkúlùkù gba ìwé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́. Ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kú.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ òògùn tó ń ṣe nǹkan bó ṣe yẹ máa ń ṣe bí ẹni pé ìwé náà kò sí. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti já sílẹ̀ látinú ọkọ̀, ìhà kan ni wọ́n ń gbé e lọ tí a fi ààlà sí, wọ́n á lẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bù nínú rẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ kánjú tó. Òṣìṣẹ́ lábù á wá, á ṣí i, á bù díẹ̀, á kọ nọ́ńbà dúrọ́ọ̀mù sára ìgò tó bù ú sí, á tún un dé. Bó bá yege, ìwé ìyeyè á di ewéko. Bó bá kùnà, á di pupa, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ àgádágodo. Wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́ nínú ohun tí wọ́n bù, kí ó lè ṣeé yẹ̀ wò bí ẹjọ́ bá dé lẹ́yìn ọdún kan.

Dúrọ́ọ̀mù mélòó ni kí wọ́n ṣí? Ìlànà àtijọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò: wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ iye dúrọ́ọ̀mù, kí o fi 1 kún un. Fún dúrọ́ọ̀mù 46, ó súnmọ́ 8. Ká ní dúrọ́ọ̀mù kan péré ló ní májèlé nínú 46. Bí a bá ṣí 8, a óò fi 38 sílẹ̀ láìṣí. Bí a bá ṣe é nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 83 ni ẹlẹ́ṣẹ̀ náà yóò wà láàárín àwọn tí a kò ṣí. Fún ohun tí kò lè pa èèyàn, ó ṣeé fara mọ́. Fún glycerin, lẹ́yìn Panama, FDA kọ̀wé ní May 2007 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wò, láìku ẹyọ kan.

Gbogbo ètò yìí pátá, láti orí ìwé ìyeyè dé orí bírò, ni ìdánilójú ojúlówó. Lábù kàn jẹ́ apá kan lára rẹ̀ ni. Apá tó ṣòro jù níbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ nínú: ẹni tó ń fọwọ́ sí i pé kí òògùn jáde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀gá títa ọjà lè pàṣẹ fún. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti dúró sẹ́nu géètì, tí èlé báńkì ń gorí èlé, tí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ sì ń pe fóònù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé yẹn tó lè sọ pé rárá, kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ kékeré tí èèyàn mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá, mo máa ń bi ara mi pé ta ni ẹni yẹn.

Nọ́ńbà NAFDAC tí à ń wò lára páálí, ó dára ká máa wò ó, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé wọ́n mọ òògùn náà, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa ta irú rẹ̀. Kò lè sọ ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n pò ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá. Nọ́ńbà batch, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ pò lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń tọ́ka sí ìyẹn, inú ìwé ilé-iṣẹ́ ni ìtàn rẹ̀ wà, bó bá ní ìtàn.

Àtúnṣe kan tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí kéré débi pé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ náà kò ní rí i. Nínú USP, ìdíwọ̀n 0.10 yẹn wà tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àyẹ̀wò ìmọ́tótó glycerin. Òfin Amẹ́ríkà sì gba ilé-iṣẹ́ láyè láti lo ìwé ẹni tó ta ọjà fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń sọ ohun tí ọjà náà í ṣe nìkan ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní 2009, wọ́n gbé ìdíwọ̀n náà kúrò níbi ìmọ́tótó, wọ́n gbé e lọ síbi ìdánimọ̀. Láti ọjọ́ náà, glycerin tí diethylene glycol inú rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ kì í ṣe glycerin tó dọ̀tí mọ́. Kì í ṣe glycerin rárá, ìwé ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Àmọ́ ìlànà Amẹ́ríkà kì í dé gbogbo ibi tí ìgò ń dé. Ní October 2022, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé wọ́n bá diethylene glycol àti ethylene glycol nínú òògùn olómi mẹ́rin tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tí wọ́n rí ní Gambia. Nǹkan bí 70 ọmọ ló kú níbẹ̀, ìtọ̀ wọn dá, gẹ́gẹ́ bíi ti Jos, gẹ́gẹ́ bíi ti Èkó. Nígbà náà, Gambia kò ní lábù tirẹ̀ tó lè ṣe àyẹ̀wò náà. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kó àwọn ìgò náà lọ. Ní June 2023, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Íńdíà pé òògùn ikọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde nílẹ̀ náà láìgba àyẹ̀wò lábù ìjọba. Gambia náà ní, bẹ̀rẹ̀ láti July ọdún kan náà, gbogbo òògùn tó bá ń ti Íńdíà bọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àyẹ̀wò kó tó wọ ọkọ̀. Ìgò tó ti kún, tí wọ́n ti dé, tí wọ́n ti lẹ àkọlé mọ́, ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kùnà, gbogbo batch ló di dídà nù. Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò kan náà sórí dúrọ́ọ̀mù kó tó kan ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọn ì bá dá padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.